Epo Òyìnbó Tó Rán Ẹ̀gbọ́n Mi Lẹ́wọ̀n: Sí Mùtáírù Ọmọ Mi

Ọ̀tà, nílé bàbá rẹ.

Mùtáírù Àjàní, ọkọ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Awakọ̀ tó ń ná Ọ̀tà sí Èkó ló gbé e wá. Láti ojú títì ló ti ń pariwo pé, "Ìyá Mùtáírù, ẹ wá fún mi lẹ́bùn, ọmọ yín ti di ọ̀gá!" Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo kà á fúnra mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà, n kò tíì dúpẹ́ pé mo mọ̀wé kà bíi ti ọjọ́ náà. Bàbá rẹ kò jẹ́ kí n kà á tán tó fi bẹ̀rẹ̀ àdúà. Ó ní kí n se ẹ̀wà, ó fi ṣe sàráà fún àwọn ọmọ ilé kéú, gbogbo wọn sì ń pariwo "Àmín" bíi pé wọ́n mọ̀ ọ́. Òun yóò kọ tirẹ̀ sí ọ. Tèmi rèé.

Inú mi dùn, má ṣe rò pé kò dùn. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ìwé rẹ tí mo kà tí mo tún padà kà. O ní ilé iṣẹ́ epo òyìnbó yìí ti fi ọ́ sí kántà, pé ìwọ ni yóò máa sọ fún àwọn obìnrin tó bá wá ra epo lọ tà iye garawa tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi, mo mọ kántà. Ìhà kejì rẹ̀ ni mo mọ̀, ìhà tí ìwọ kò ní dúró sí.

Nígbà tí o wà lọ́mọdé, o bi mí léèrè ìdí tí ẹ̀gbọ́n mi Mọ́ríámọ̀ kì í fi í wá sílé wa nígbà Iléyá. Mo ní ọ̀nà Ìtẹ̀lé jìn. O dàgbà, o rí i pé ọ̀nà Ìtẹ̀lé kò jìn tó bẹ́ẹ̀, o sì fọgbọ́n pa ẹnu mọ́. Ọlọ́hun yóò bù kún ọ fún ọgbọ́n yẹn. Lónìí, màá dá ọ lóhùn. N kò fẹ́ kí akọ̀wé kankan bá mi kọ ọ́, ìyẹn lo ṣe ń rí ọwọ́ mi tó ń wọ́ káàkiri ìwé bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Fara balẹ̀ kà á.

Ọmọ ìyá kan náà ni èmi àti Mọ́ríámọ̀. Ìyá wa kú nígbà tí n kò tíì mọ aṣọ ró, òun ló sì tọ́ mi. Iṣẹ́ tí ìyá wa fi sílẹ̀ náà ló ń ṣe: ó ń pa èkùrọ́, ó ń dín in, ó ń yọ àdín. Láyé ìgbà náà, àdín kì í ṣe ohun tí à ń fi para nìkan. Òun là ń dà sínú fìtílà, tí à ń rẹ òwú sí, tí ará ilé fi ń rí ojú ara wọn bí ilẹ̀ bá ṣú. L'Ọ́tà, n'Ítẹ̀lé, títí dé Alápòtì, wọ́n mọ àdín Mọ́ríámọ̀.

Nígbà tó yá, epo òyìnbó gbòde pẹ̀lú àtùpà onígíláàsì. Iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti fìtílà lọ, atẹ́gùn kì í sì í tètè pa á. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ọ̀dọ́mọbìnrin nígbà náà, ojú sì ń tì mí láti máa rùn bí èkùrọ́ láàrin ẹgbẹ́ mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń dà á láàmú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ayé ti kọjá àdín. Ẹ jẹ́ ká máa ta epo òyìnbó."

Ó wò mí, ó ní, "Àṣàkẹ́, abẹ́ ọ̀pẹ wa ni èkùrọ́ wà. Abẹ́ igi wo ni epo òyìnbó wà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá, ọkọ̀ ojú omi kò sì ní yéé wá.

Ó gbọ́ tèmi torí pé ó fẹ́ràn mi. Ó kó ìkòkò àdín ìyá wa fún obìnrin kan ní Alápòtì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra epo òyìnbó ní garawa, à ń rọ ọ́ sí ìgò, à ń tà á. Kí n má purọ́, ó mú owó wọlé fún wa dáadáa. Ọdún tí bàbá rẹ gbé mi níyàwó, ẹrù tí ẹ̀gbọ́n mi dì fún mi, àwọn ará Ọ̀tà sọ ọ́ títí.

Mùtáírù, ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kí o mú níbẹ̀ rèé. A kì í rí òjò tó ṣú ká da omi inú àmù nù. Iṣẹ́ òyìnbó tó bọ́ sí ọ lọ́wọ́ dára, ṣe é tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ kọ́ ọ ní aṣọ rírán, má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbàgbé abẹ́rẹ́. Bí o bá ráyè, máa rán fìlà, máa rán bùbá, bó tilẹ̀ ṣe pé fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ni. Ohun tí ọwọ́ ẹni mọ̀, kò sí ọkọ̀ tó lè pẹ́ dé kí ebi torí ẹ̀ pa ni.

Ogun wá bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn òyìnbó. Kò sí ẹni tó gbọ́ ìró ìbọn l'Ọ́tà. Inú àtùpà ni ogun náà ti bá wa jà.

Àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ sọ pé àwọn Jámánì ń fi ọkọ̀ abẹ́ omi rì àwọn ọkọ̀ tó ń kẹ́rù bọ̀, pé epo tó bá sì ríbi gúnlẹ̀, àwọn ṣọ́jà ló ń kọ́kọ́ mú tiwọn. Garawa tí a ti ń rà nígbà tó bá wù wá di ohun tí à ń tò fún. A ní kò burú, à ó padà sídìí àdín. Àfi bí ìjọba ṣe ní ogun ń fẹ́ èkùrọ́! Wọ́n rán ènìyàn wọ àwọn abúlé, wọ́n ní kí tọmọdé tàgbà máa pa èkùrọ́, kí wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó ń rà á ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ní iye tí ìjọba là sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ rìn dé Alápòtì, bóyá yóò rí díẹ̀ tí yóò fi yọ àdín. Obìnrin tó gba ìkòkò ìyá wa ló bá nílé.

Obìnrin náà ní, "Ìyá Ràṣídì, èkùrọ́ nìyí ní gbogbo àgbàlá mi, ẹ fojú yín rí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kà á mọ́ wa lọ́rùn. Bí Baálẹ̀ bá gbọ́ pé mo tà á fún yín, kí ni kí n wí?"

Ẹ̀gbọ́n mi padà sílé lọ́wọ́ òfo. Epo tí ọkọ̀ ń gbé bọ̀ kò dé mọ́, èkùrọ́ abẹ́ ọ̀pẹ wa sì ti wọ ọkọ̀ lọ. Ọ̀nà méjì ni òkùnkùn gbà wọlé wa.

Ó yẹ kí o rántí díẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ àti Ràṣídì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa ń jẹun alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, kí eegun ẹja má baà há yín lọ́fun. Bàbá rẹ a fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ láìparí bí ojú bá ti ń ṣú, àwọn oníbàárà a sì máa pariwo lé e lórí. Nínú ààwẹ̀, màrìwò gbígbẹ làwọn àáfà ń tanná ràn kí wọ́n tó lè ka Kùránì.

Ìjọba wá ṣòfin iye tí a gbọ́dọ̀ máa ta epo. Kọ́ńtíróòlù là ń pè é. Akéde kéde rẹ̀ yí ọjà ká pé ẹnikẹ́ni tó bá tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò rẹ́wọ̀n he. Òfin náà dùn létí, torí wọ́n ní kí olówó má baà dá gbogbo epo rà ni àwọn ṣe fi í lélẹ̀. Ṣùgbọ́n akéde kò kéde ohun tí ojú wa ń rí ní kántà.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ lọ sí ilé ìtajà òyìnbó kan l'Ékòó. A tò títí oòrùn fi wọ̀ wá lára. Nígbà tó kàn wá, akọ̀wé kántà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, gbé garawa epo jáde, ó sì gbé àkẹtẹ̀ òyìnbó lé e lórí, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí lèyí?"

"Àkẹtẹ̀ ni, màmá. Ẹni tó bá fẹ́ epo yóò ra àkẹtẹ̀ mọ́ ọn."

"Ta ni yóò dé e l'Ọ́tà?"

"N kò bi yín léèrè ẹni tó máa dé e. Ó ti pẹ́ nílẹ̀, ọ̀gá sì ní kó lọ. Ẹ mú méjèèjì, tàbí kí ẹ fi méjèèjì sílẹ̀. Ènìyàn wà lẹ́yìn yín."

Ẹ̀gbọ́n mi wẹ̀yìn. Lóòótọ́ ni ènìyàn wà lẹ́yìn wa, ìlà náà gùn dé òpópónà. Ó mú méjèèjì. Ìgbà tí a tún lọ, àkẹtẹ̀ náà ni. Ìgbà tó tún yá, àkẹtẹ̀ di méjì lórí garawa kan. Wọ́n di òkìtì ní igun ilé ẹ̀gbọ́n mi. Adìyẹ yé ẹyin sínú ọ̀kan, Ràṣídì dé ọ̀kan, ó bò ó lójú dé imú, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n epo ló ń ru owó àkẹtẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ta epo náà ní iye kọ́ńtíróòlù, kò ní rí ohun tí yóò fi padà sí kántà. Bó bá sì fi díẹ̀ lé e, ó ti rúfin. Gbogbo alépo inú ọjà ló ń fi díẹ̀ lé e. Àwọn tó ń rà á ń bú wa, wọ́n sì ń rà á.

Bàbá rẹ ní kí n ká àtẹ tèmi kúrò. Ó ní, "Àṣàkẹ́, ẹni tó bá dúró sí àárín òfin àti ebi, òfin ló máa kọ́kọ́ mú un."

Mo ká a. Mo ní ọkọ tó ń ránṣọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúmọmọ nìkan ló ń rán an. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè ká tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Ràṣídì, ti dùbúlẹ̀ àìsàn nígbà náà, kò lè dìde lórí ẹní bí ènìyàn kò bá fà á. Ẹnu tó ń jẹ nílé yẹn, ẹ̀yìn àtẹ epo ni gbogbo wọn wà.

Mo máa ń lọ jókòó tì í lọ́jà nítorí kí ó má baà dá wà. Bí mo ṣe wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan nìyẹn tí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ oko dé, tó ní ìyàwó òun ń rọbí, kò sí iná nílé, òun fẹ́ epo ìgò kan. Ẹ̀gbọ́n mi sọ iye. Ọkùnrin náà kò ná an. Ó yẹ kí n fura níbẹ̀, ta ni kì í ná ọjà? Ẹ̀gbọ́n mi kò fura, ọ̀rọ̀ aláboyún ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó rọ epo kún ìgò, ó tún mú ìgò kékeré kan, ó rọ díẹ̀ sí i, ó ní èyí jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ọmọ náà fi ẹsẹ̀ ire wáyé. Ọkùnrin náà gba ìgò, ó yọ fèrè lápò, ó fọn ọ́n. Àwọn ọlọ́pàá yọ láti ẹ̀yìn ìsọ̀ alátẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sá, kò sì sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ bi ọkùnrin náà ni pé, "Ìyàwó yín tó ń rọbí ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀.

Nítorí pé mo jókòó tì í, wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀ pé èmi ni ẹlẹ́rìí. Wọ́n gba onídùúró rẹ̀, ó wálé kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ kóòtù, ó wá bá mi. Bàbá rẹ wà níbẹ̀. Bàbá rẹ ní kí ó má bínú, òun kò lè jẹ́ kí ìyàwó òun fọwọ́ lé Kùránì kó purọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ta ló ní kó purọ́? Àṣàkẹ́, wọn yóò bi ọ́ bóyá mo tà á ju iye wọn lọ. Ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé kí o sọ ọ̀rọ̀ àkẹtẹ̀ fún wọn. Ìwọ náà wà ní kántà. Bí èmi bá sọ ọ́, wọn yóò ní ẹlẹ́ṣẹ̀ ń wá ọ̀nà àbáyọ. Bí ìwọ bá sọ ọ́, wọn yóò gbọ́."

Mo ní, "Màá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Màá sọ ọ́ látòkèdélẹ̀."

Ilẹ̀ mọ́, a dé kóòtù. Mùtáírù, n kò tíì wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Òyìnbó adájọ́ jókòó sókè, ògbufọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọlọ́pàá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo fọwọ́ lé Kùránì, mo búra.

Ògbufọ̀ ní, "Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ra epo yìí, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Wọ́n ní ṣé iye tí obìnrin yìí pè é ju èyí tí ìjọba là sílẹ̀ lọ?"

"Ó jù ú lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé..."

Ògbufọ̀ ti ń túmọ̀ "ó jù ú lọ" fún adájọ́. Adájọ́ gbé ọwọ́ sókè, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ògbufọ̀ yíjú sí mi, ó ní, "Ó tó. Jókòó."

Mo jókòó. Ọmọ mi, mo jókòó. Kò sí ẹni tó lù mí, kò sí ẹni tó dì mí lẹ́nu. Mo lè ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò tíì sọ tán." Kí ni wọn ìbá fi mí ṣe? Bóyá kí wọ́n pariwo mọ́ mi. Ìbẹ̀rù ariwo ni mo fi jókòó.

Nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n mi, ó sọ ọ̀rọ̀ àkẹtẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó sọ ọ́ dáadáa, kò fi nǹkan kan pamọ́, ó tilẹ̀ mú àkẹtẹ̀ kan wá nínú agbọ̀n. Àwọn kan rẹ́rìn-ín nínú kóòtù. Adájọ́ ní àkẹtẹ̀ lásán kò lè sọ bí wọ́n ṣe rà á, àti pé ẹlẹ́rìí tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ kò dárúkọ àkẹtẹ̀ rárá. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú, ó wò mí. Kò wò mí tìbínú-tìbínú. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí pé kí n dìde. N kò dìde.

Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé epo rẹ̀. A kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ìwọ àti Ràṣídì jọ ń sùn lórí ẹní kan, o rò pé àlejò ló wá ṣe. Bàbá Ràṣídì náà wà lọ́wọ́ wa, èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé, "Ṣé Mọ́ríámọ̀ ò tíì dé?" Ó kú kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé. O mọ ẹ̀sìn wa, a kì í tọ́jú òkú pẹ́, a sin ín lọ́jọ́ náà. Inú ẹ̀wọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ opó ọkọ rẹ̀.

Nígbà tó jáde, ó wá kó àwọn ọmọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi náà pé mo tọ́jú ọkọ òun. Ìbá bú mi, ìbá fi mí ré, ìbá sàn fún mi ju ọpẹ́ yẹn lọ. Ó kó lọ sí Ìtẹ̀lé lọ́dọ̀ àwọn ará ọkọ rẹ̀, ó padà sídìí èkùrọ́ pípa. Láti ìgbà náà, bí a bá pàdé lọ́nà, yóò ní, "Ṣé dáadáa ni?" bí ẹni ń kí oníbàárà, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ogun parí. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Díẹ̀díẹ̀ ni epo òyìnbó padà sọ́jà, títí kò fi sí ẹni tó ń tò mọ́. Kọ́ńtíróòlù náà kásẹ̀ nílẹ̀, oníkálùkù ń ta ọjà rẹ̀ níye tó wù ú, kò sí ọlọ́pàá tó ń fọn fèrè. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ rán ẹ̀gbọ́n mi lẹ́wọ̀n di òwò tí gbogbo ayé ń ṣe ní gbangba. Wọ́n pa òfin náà rẹ́ bí ìgbà tí tíṣà bá nu pátákó, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹ̀wọ̀n náà nù kúrò lára rẹ̀, wọn kò sì jí Bàbá Ràṣídì dìde.

Mùtáírù, gbọ́ ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀. N kò ní tò ó bíi ti akọ̀wé, bó ṣe ń sọ sí mi lọ́kàn ni màá kọ ọ́.

Bí obìnrin bá dúró níwájú rẹ ní kántà, kọ́kọ́ kí i. Má sọ pé ènìyàn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀. Orí òun náà ló fi ru ẹrù dé ibẹ̀.

Bí ọ̀gá rẹ bá ní kí o so ọjà tí kò tà mọ́ èyí tó ń tà, ìwọ ni ọmọ iṣẹ́, n kò ní kí o bá a jà lójú gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n lọ bá a níkọ̀kọ̀, sọ fún un. Bí kò bá gbọ́, padà wálé. Abẹ́rẹ́ bàbá rẹ wà nílé, oúnjẹ mi náà wà. Mo mọ̀ pé akọ̀wé tó fún wa ní àkẹtẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó lọ sílé, ó jẹun, ó sùn, ó ní ọ̀gá ló ní kí òun ṣe é. Bí ibi ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn, tí kò fi ní olúwa.

Bí ìjọba bá sọ iye ọjà, wọ́n lè ní ìdí rere, èmi kò bá wọn jiyàn. Ọ̀wọ́n máa ń sọ olójúkòkòrò di ẹranko, mo rí irú wọn. Ṣùgbọ́n kí o tó pe ẹnì kan ní olè, béèrè bí ọjà náà ṣe rìn dé ọwọ́ rẹ̀.

Bí ọ̀wọ́n epo bá tún dé, mo sì mọ̀ pé yóò dé, nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ jìn, ẹni tó wà ní ìdí rẹ̀ kì í sì í ṣe ará ilé wa, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ yóò wá bá ọ pé kí o fi garawa pamọ́ fún àwọn. Wọn yóò pè é ní àǹfààní. Má yọ̀ mọ́ ọ̀wọ́n, ọmọ mi. Owó tí òkùnkùn ilé ẹlòmíràn bá mú wọlé, n kò tíì rí i kó ṣe ẹnì kan lóore dọ́jọ́ alẹ́.

Èyí tó wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀: bí wọ́n bá pè ọ́ kí o wá sọ ohun tí ojú rẹ rí, sọ ọ́ tán. Bí wọ́n bá dá ọ dúró, tún bẹ̀rẹ̀. Èmi kò purọ́ ní kóòtù, bàbá rẹ sì yìn mí pé n kò purọ́. Ìdajì òtítọ́ ni mo sọ. Ìdajì yẹn ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ rí, ní ọdún tí o wọ Ìwé Mẹ́fà. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé òun kò bá mi jà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí."

Ó ní, "Àṣàkẹ́, kí ni kí n dárí rẹ̀ jì? Bí o bá purọ́ mọ́ mi ni, ǹ bá ti dárí jì ọ́ tipẹ́, torí mo máa mọ ohun tí o ṣe. Òtítọ́ lo sọ. N kò mọ ibi tí mo ti lè dì í mú."

Mo dìde, mo padà sí Ọ̀tà.

Ní ọjọ́ kejì tí ìwé rẹ dé, mo mú un dání, mo lọ sí Ìtẹ̀lé. Mo ro ó pé àǹtí rẹ ni, kò yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ lẹ́nu èrò ọjà. Mo bá a níbi tó ti ń fẹ́ èkùrọ́, irun orí rẹ̀ ti funfun tán. Mo jókòó lórí àpótí, mo kà á fún un. Nígbà tí mo dé ibi kántà, ó dá ọwọ́ dúró.

"Ṣé epo òyìnbó ni wọ́n ní kó máa pín?"

Mo ní, "Òun ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo rò pé yóò ní kí n máa lọ. Ó wá ní, "Ọmọ náà lójú àánú láti kékeré. Òun ló ń bu ẹran tirẹ̀ fún Ràṣídì nígbà tí n kò sí nílé." Mùtáírù, èmi ìyá rẹ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ràṣídì ló sọ fún un. Láti gbogbo ọdún yìí wá ló ti mọ̀ ọ́n, tí kò rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Mo sunkún. Òun kò sunkún. Ó bu omi fún mi mu, ó bu èkùrọ́ sínú ewé pé kí n máa jẹ ẹ́ lọ́nà. Nígbà tí mo dìde, ó ní kí n kí ilé, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò sìn mí. Èmi nìkan ni mo rìn dé ojú ọ̀nà.

Nítorí náà, kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, wá sílé. Má kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ wa. Gba Ìtẹ̀lé lọ tààrà, béèrè ilé Ìyá Ràṣídì, dọ̀bálẹ̀ fún un, kí o sì jókòó. Ohunkóhun tó bá fẹ́ sọ fún ọ nípa kántà, jẹ́ kó sọ ọ́ tán. N kò rán ọ pé kí o bẹ̀ ẹ́ fún mi. Tèmi, màá máa lọ fúnra mi, bí ẹsẹ̀ mi bá ṣì lè gbé mi. Lọ nítorí tìrẹ.

Ọlọ́hun yóò fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Kò ní fi ọ́ sípò tí ojú yóò fi tì ọ́ níwájú obìnrin kankan. Àwọn àbúrò rẹ kí ọ. Má gbàgbé ìrun rẹ, sì má jẹ́ kí kìràkìtà Èkó máa gba oúnjẹ mọ́ ọ lẹ́nu.

Nígbà tí o bá fẹ́ kúrò n'Ítẹ̀lé, bó bá sìn ọ́ dé ojú ọ̀nà, má tètè wọ ọkọ̀. Rìn díẹ̀ sí i pẹ̀lú rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàfúrátù Àṣàkẹ́.